Ìrìn-àjò Ọdẹ́dìran sí Ihò Ìyá Òòfà, Níbi tí Ilẹ̀ Ti Ń Mí

Ẹ sún mọ́ ara yín, kí ẹ jẹ́ kí èmi nìkan jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí òjò ti ń ta sí mi lẹ́sẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Òjò yìí kò ní í dá bọ̀rọ̀, alágbẹ̀dẹ wa ti fi ẹwìrì sílẹ̀, iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, etí gbogbo yín sì ṣófo. Ọkọ́ méje tí wọ́n rọ láàárọ̀ nìyẹn lórí ẹní, gbogbo wọn kọ ẹnu sí ògiri ẹ̀yìn. Ẹ wò wọ́n dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ọdẹ kì í da gbogbo ẹran inú àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí léèrè pé kí ló dé tí ọdẹ tó tó mi kò ní irin kankan lára, tó jẹ́ pé kùmọ̀ igi ni mo fi ń lé òkété kiri bí ọmọdé. Àwọn kan ní ojú mi ló ti bàjẹ́. Àwọn kan ní ìyàwó mi ló gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Àwọn tó sọ ti ìyàwó kò jìnnà sí òtítọ́. Ǹ bá tún dákẹ́ lónìí, bí kì í bá ṣe ohun tí Akínjọbí ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin náà rí i. Ó gbé ìbọn tuntun rẹ̀ lé orókùn, ó ní kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé, òun yóò ti fi ìrù erin gbá ilẹ̀ ọjà. Ẹ rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ti rí ojú ẹsẹ̀ erin ní igbó wa. Ó bínú, ó yọ ahọ́n, ó fi kan ẹnu ìbọn. Ẹ tún rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, òógùn tútù ló bò mí.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Orúkọ mi ni Ọdẹ́dìran, ọmọ ọdẹ tó bí ọdẹ. Nígbà tí eegun mi ṣì le, bí mo bá wúkọ́ ní etí igbó, ẹfọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àwọn ọmọ tí yóò fi sílẹ̀ sáyé. Èyí tí ẹ ń wò yìí, èérún rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ìlú Ọ̀ṣọ́dára ni mo ń gbé nígbà náà, Ọlọ́ṣọ̀ọ́ sì ni wọ́n ń pe ọba ibẹ̀. Ọba náà kì í ṣe ìkà. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó fẹ́ kí a máa wo òun. Ẹ̀gbà bàbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí dé orókùn, bí ó bá ń bọ̀, ẹ ó rò pé ẹnì kan ló ń kó ìkòkò kúrò nílé. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ni pé bí oòrùn bá ti wọ̀, bàbà náà kì í dán mọ́. Wọ́n ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ọlọ́ṣọ̀ọ́ mọ ara rẹ̀ lágbà, àwa la kò mọ̀ ọ́n tó.

Ní ọdún kan, ìlú tó wà ní òdìkejì odò ra ẹ̀rọ amúnáwá. Ẹ̀rọ náà ń bú ramúramù, ó ń mu bẹntiróò bí ọ̀mùtí, èéfín rẹ̀ ń pa adìẹ, ṣùgbọ́n ààfin wọn mọ́lẹ̀. Ọlọ́ṣọ̀ọ́ kò lè jẹun mọ́. Ó pe gbogbo ọkùnrin ìlú jọ sí ilé àgbẹ̀dẹ Ògúnkòyà, níbi tí a ti ń búra, ó ní ta ni yóò bá òun wá iná tí kò ní í mu epo, tí kò ní í rú èéfín, tí kò ní í pariwo. Gbogbo ènìyàn wo ilẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, bí gbogbo ènìyàn bá wo ilẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wo ilẹ̀. Èmi wo òkè. Mo dìde, mo ní nínú Igbó Òòfà, níbi tí bàbá mi kò dé, tí bàbá rẹ̀ kò dé, mo ti fi ojú mi rí irú iná bẹ́ẹ̀, àti pé kí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tó pé, n ó mú un wá, ààfin yóò sì mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan.

N kò rí iná kankan rí. N kò tilẹ̀ dé Igbó Òòfà rí. Mo kàn rí i pé àwọn obìnrin dúró lẹ́bàá ògiri, tí ojú wọn sì ti kúrò lára mi fún ìgbà díẹ̀.

Ọba ní kí n fi irin búra. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ahọ́n kan owú tí Ògúnkòyà ń lu irin lé lórí, mo ní bí iná náà kò bá rí bí mo ti wí, kí irin wá mi wá. Ògúnkòyà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ọdẹ́dìran, ènìyàn ló ń gbàgbé ohun tó sọ. Irin kì í gbàgbé." Mo fi í ṣẹ̀rín, mo lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, ní ojúmọmọ, Àwẹ̀ró ìyàwó mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ránṣọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló rán ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ìdajì yín. Ó fi abẹ́rẹ́ lélẹ̀ kí ó lè fa òwú. Abẹ́rẹ́ náà yí. Afẹ́fẹ́ kò sí. Ó yí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì kọ ẹnu sí mi. Mo dìde ní ibi tí mo wà, mo lọ dúró sí igun kejì. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé mi. Àwẹ̀ró kò pariwo. Ó da gbogbo abẹ́rẹ́ inú igbá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tó ogún, ogún náà sì yí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wò mí.

"Bàbá Ìbídùn," ó ní, "kí lo fi ẹnu ẹ sọ lánàá?"

Mo ní n kò sọ nǹkan kan. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n èmi rò pé mo lè fi ẹsẹ̀ bo èérún rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọ̀bẹ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ bí aláǹgbá. Ní ọjọ́ kẹrin, àdá aládùúgbò wa já lára ògiri, ó sùn sí ẹnu ọ̀nà wa. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo jókòó, mo ń retí oúnjẹ. Àwẹ̀ró gbé omi bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kí ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Ọ̀bẹ tó wà lẹ́yìn àdògán dìde nílẹ̀, ó fò, ó ń bọ̀ tààrà. Èmi ló ń wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Àwẹ̀ró ni ojú ọ̀nà. Ariwo tí ajá mi pa ló mú kí Àwẹ̀ró yà díẹ̀. Ọ̀bẹ náà la apá òsì rẹ̀ láti èjìká dé ìgúnpá, kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Àpá tí ẹ máa ń rí lára rẹ̀ nìyẹn, tí ẹ sì rò pé èmi ni mo fi ọwọ́ mi ṣe é. Ní ọ̀nà kan, èmi náà ni.

Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹ̀rù ẹkùn ti bà mí rí, ẹ̀rù ìjì ti bà mí rí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn jẹ́ eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rù ọjọ́ yẹn. Ó yé mi pé irin kì í béèrè ẹni tó wà láàárín. Ó sì yé mi pé obìnrin yìí kò ní í kúrò láàárín, nítorí ibẹ̀ ló máa ń dúró sí láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó: bí mo bá jẹ gbèsè ẹnu, òun ló ń lọ bẹ̀bẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó di apá rẹ̀, ó ní kí n lọ sí igbó tí mo fi purọ́ náà, kí n lọ wá iná, kí n sì fi gbogbo irin ara mi sílẹ̀ kí wọ́n má baà pa mí lójú ọ̀nà.

Mo fi ìbọn sílẹ̀. Mo fi àdá sílẹ̀. Mo bọ́ òrùka. Ọdẹ tó wọ igbó láìní irin dà bí ẹni tó wọ ọjà ní ìhòòhò, mo sì sunkún. Ó wá ku fìlà mi. Ní ìdílé wa, bí bàbá bá kú, a ó gé èérún kan lára ẹnu ìbọn rẹ̀, ìyàwó àkọ́bí yóò rán an mọ́ inú fìlà ọkọ rẹ̀, fìlà náà kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí nínú igbó láéláé. Àwẹ̀ró ló rán tèmi. Ó na ọwọ́ sí fìlà náà. Mo ní mo ti tú irin náà kúrò láàárọ̀. Irọ́ mìíràn nìyẹn. Èmi nìkan kọ́ ló máa pa á, ẹ̀yin ọdẹ; kò sí ọ̀kan nínú yín tí ì bá gba kí wọ́n rí òun ní ìsálú ọ̀run láìsí irin bàbá rẹ̀.

Ajá mi tẹ̀ lé mi. Àwẹ̀ró ló sọ ọ́ ní Ẹnudùnròfọ́, ní ọjọ́ tí mo ń ròyìn bí mo ṣe pa kìnnìún, ìgbà tí mo sì ti sọ orúkọ yẹn nínú igbó tó ọgọ́rùn-ún ni mo tó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

N kò ní í sọ bí ọ̀nà ṣe gùn, ẹsẹ̀ mi ló lè sọ ọ́. Igbó Òòfà kò ní ẹyẹ, kò ní kòkòrò. Gbogbo igi ibẹ̀ ló tẹ̀ sí apá kan, bí àwọn tó ń fetí kọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́. Láàárín igbó náà ni mo ti dé ìlú kan tí gbogbo ará ibẹ̀ kọjú sí àríwá. Wọ́n ń gúnyán, wọ́n kọjú sí àríwá. Tọkọtaya ń jà, kò sí èyí tó ń wo ojú èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí gúúsù, ẹ̀yìn ni yóò fi rìn. Wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí. Ìlú tí mo ti rí ìmúṣẹ rẹ̀ nìyẹn, nítorí ìpàkọ́ wọn ni mo fi dá wọn mọ̀.

Olórí wọn, àgbàlagbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Máwẹ̀yìn, kí mi láìyíjú. Ó ní àlejò tó bá wọ ìlú àwọn yóò dáhùn ìbéèrè kan, àti pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò dúró síbẹ̀. Mo béèrè bí yóò ti dúró pẹ́ tó. Ó ní kí n wo àwọn igi tí mo kọjá. Mo wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká.

"Ó ń fà, kò lọ́wọ́," ni Máwẹ̀yìn wí. "Ó ń mí, kò nímú. Ó ń gba inú òkúta kọjá, kì í kan ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ ni gbogbo yín ń gbé, ẹ kò rí i rí. Kí ni?"

Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé èyí tó le ju èyí lọ ni mo ń dáhùn nígbà tí mo ṣì ń rákòrò. Lẹ́yìn náà mo ní afẹ́fẹ́ ni. Mo ní ikú ni. Mo ní ebi ni, mo ní ìfẹ́ ni, mo ní ọlá ọba ni. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ mi ń wúwo. Mo wo ilẹ̀, mo rí gbòǹgbò funfun wẹ́wẹ́ tó ń ti abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ mi jáde, ó ń wọ inú ilẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, bí aláǹtakùn tó ń hun ilé. Ohùn mi gé. Nígbà náà ni ajá mi yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kọjú sí àríwá gan-an, ó lóṣòó, ó sì ṣe ohun tí ajá máa ń ṣe.

Máwẹ̀yìn ní, "Ajá rẹ ti dáhùn. Òòfà ilẹ̀ ni. Ara ajá rẹ mọ̀ ọ́n. Ariwo ẹnu tìrẹ ni kò jẹ́ kí ara tìrẹ gbọ́." Gbòǹgbò náà sì já. Ohun tí ọgbọ́n Ọdẹ́dìran kò lè ṣe, ìgbẹ́ ajá ṣe é. N kì í sábà sọ ibi yìí bí àlejò pàtàkì bá wà ní ìjókòó.

Mo kúrò níbẹ̀, mo dé odò kan tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Iyanrìn dúdú ló kún inú rẹ̀, iyanrìn irin ni. Bí mo ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ dìde dúró ṣánṣán, bí irun ẹ̀yìn ológbò tó rí ajá. Mo rìn, ó ń wọ́ tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo dé àárín odò, ó kó ara rẹ̀ jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ẹsẹ̀, ó ní àyà, ó ní orí. Èmi ni. Èmi dúdú tí kò lójú, tó gbé ìbọn tí mo fi sílẹ̀ nílé kọ́ èjìká. Ó ń bá mi rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà, ó sì yọ ahọ́n sílẹ̀, ahọ́n náà gùn dé àyà rẹ̀, kò fà á padà títí a fi la odò náà já. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ ìrìn, mo sá. Nígbà tí mo gun bèbè kejì, ó wó lulẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ fìlà mi, fìlà sì wúwo bí odó. Ajá mi ń gbó fìlà náà, ó ń gbó o. Mo ní kó dákẹ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọdẹ tó máa sọnù ni kì í gbọ́ gbígbó ajá.

Máwẹ̀yìn ti júwe ihò Ìyá Òòfà, ẹni tó ni igbó náà, fún mi; ẹnu rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè pupa kan. Ẹyẹlé kan ló ń ṣọ́ ọ, ẹyẹlé lásán bí irú èyí tí ẹ ń sìn nílé, ó sì fi ohùn ènìyàn bi mí bóyá irin wà lára mi. Mo ní rárá. Ó tún bi mí. Mo ní rárá, mo fi ọwọ́ tún fìlà mi ṣe. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bínú, mo ní ṣé ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni.

"Wọlé," ni ẹyẹlé wí. "Rárá náà ni àwọn tó ṣáájú rẹ sọ."

Inú ihò náà gbóná, ó sì ń mí. N kò sọ pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń mí. Ihò náà fúnra rẹ̀ ló ń mí. Bí ó bá mí sínú, àyà mi á fà síwájú. Bí ó bá mí síta, eyín mi á máa gbọ̀n. Mo gbé ìṣísẹ̀ méje. Ní ìṣísẹ̀ kẹjọ, nǹkan kan gbá fìlà mi mú láti òkè, ó fà á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú. Ó gbé mi nílẹ̀. Ó fà mí gun ògiri bí ìgbà tí wọ́n ń fa korobá láti inú kànga, títí ẹsẹ̀ mi fi ń mì lófuurufú, tí ajá mi sì kéré bí eku nísàlẹ̀.

Nígbà tí ojú mi wá ríran, mo rí i pé n kò dá wà. Ọdẹ kún ògiri náà. Egungun ni wọ́n, ìbọn wọn lẹ̀ mọ́ òkúta, àdá wọn lẹ̀ mọ́ òkúta, wọ́n sì rọ̀ mọ́ ọn. Mo wá okùn tí wọ́n fi dè wọ́n, n kò rí i. Mo wá ìṣó, kò sí. Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo rí nìyí, òun ló sì ń jí mi lójú oorun di òní: ọwọ́ wọn ni wọ́n fi di irin wọn mú. Gbogbo wọn. Ìka wọn ti di eegun, ìka náà kò sì tú.

Ohùn kan ti inú òkúta jáde, kò le, kò rọ̀, ohùn obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló di ta mú?"

Mo ní ẹ̀yin lẹ di mí mú, Ìyá. Ihò náà mí sínú, èjìká mi dún. Ó tún bi mí. Mo rántí bàbá mi, mo rántí ohun tí àwọn ọdẹ yóò wí. Mo tún rántí apá Àwẹ̀ró bó ṣe là. Ní ọjọ́ wo la wà? Ọjọ́ kẹwàá. Irin ilé ń dìde, Àwẹ̀ró sì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo dì í mú." Mo sì jọ̀wọ́ fìlà.

Mo jábọ́ sórí ajá mi, kò sì dárí jì mí títí ó fi kú.

Ìyá Òòfà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó béèrè ohun tí mo wá ṣe, mo sọ ọ́, láìfi iyọ̀ sí i, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ó ní òun kò ní iná. Èémí ni òun ní. Èémí náà ló ń fa gbogbo irin ayé, ṣùgbọ́n kì í dọ́gba: bí ó ti rí láàárọ̀ kọ́ ni í rí lọ́sàn-án, bí ó ti rí lánàá kọ́ ni í rí lónìí. Ó ní bàbà kì í gbọ́ ti òun bí irin ṣe ń gbọ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fa bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tó wé e po ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, nígbàkúùgbà tí èémí òun bá yí, bàbà náà yóò gbọ̀n nínú, gbígbọ̀n náà ni iná. Mo béèrè bí iná náà yóò ti tóbi tó. Ó ní bíi tanátaná.

Mo ní, "Tanátaná kan, Ìyá?"

Ó ní ọjọ́ mìíràn wà tí oòrùn máa ń jágbe mọ́ òun, tí èémí òun máa ń já gbà. Ó ní kí n wo ògiri. Ó já èémí rẹ̀ gbà, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò sín. Iṣan bàbà tó wà nínú òkúta pọ́n yòò láti òkè dé ilẹ̀, egungun tó wà nítòsí rẹ̀ di eérú, irùngbọ̀n mi sì jó. "Ẹni tó bá ń wá èyí tó ju tanátaná lọ," ó ní, "irú rẹ̀ ni yóò rí. Máa lọ."

Ìpadàbọ̀ mi kò tó ohun tí à ń ròyìn. Àwọn ará ìlú àríwá kí ajá mi lórúkọ, wọn kò kí mi. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni mo wọ Ọ̀ṣọ́dára. Àwẹ̀ró ti kó gbogbo irin ilé lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ, Ògúnkòyà sì ti fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n mọ́ òpó, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n náà irin ni. Nígbà tí mo gba ìta kọjá, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já ara wọn gbà nínú ilé.

Mo sọ fún ọba pé bàbà ni mo nílò. Inú ọba dùn títí ó fi yé e pé èyí tó wà lára òun ni mo ń sọ. Ó bọ́ ẹ̀gbà ẹsẹ̀ kan, ó sunkún lé e lórí. Ògúnkòyà fà á bí okùn, mo wé e mọ́ òrùka igi, kò tó nǹkan kan, kò sì tan nǹkan kan. Ọba ní òun kò lè bọ́ òmíràn, pé kí ni iná wúlò fún bí kò bá sí ohun tí wọn yóò fi wò lára òun. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, bí èèyàn bá jẹ́ Ọlọ́ṣọ̀ọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún mọ́. Gbogbo ìlú wà ní ilé àgbẹ̀dẹ, ojúmọ́ kò tí ì gbóná, ẹ̀wọ̀n ara òpó sì ti ń ya. Àwẹ̀ró wá sí iwájú ọba, ó kúnlẹ̀, ó bọ́ yẹtí bàbà tí ìyá rẹ̀ fún un, ó fi lélẹ̀. Ìyálé kan bọ́ tirẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ òrùka, wọ́n ń bọ́ ẹ̀gbà, òkìtì náà ń ga, ó ń dán nínú oòrùn, gbogbo ènìyàn sì ń wò ó. Wọn kò wo ọba. Ọlọ́ṣọ̀ọ́ wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, kò rí ojú kan tó wà lára òun. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó bọ́ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sórí òkìtì náà kí wọ́n lè tún wo òun. A rí i pé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí ti gbogbo èèyàn.

Ògúnkòyà fa bàbà náà láìsinmi. Mo wé e ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, n kò fi ẹyọ kan lé e. A ti ilẹ̀kùn, a dúró nínú òkùnkùn ọ̀sán. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ mí. Ní ibi tí ẹnu okùn bàbà méjèèjì ti fẹ́ kan ara wọn, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan là, ó rọlẹ̀, ó tún là. Kò mu epo. Kò rú èéfín. Kò pariwo. Kò sì ju tanátaná lọ.

Ọba bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé imú súnmọ́ ọn. Ó ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

Ẹ̀wọ̀n já. N kò tí ì sọ ohun tó burú jù fún yín. Ọ̀bẹ, àdá, ọkọ́, ẹ̀mú, ìbọn bàbá mi tó ṣẹ́kù, gbogbo wọn dìde dúró lórí ìrù wọn nínú òkùnkùn náà, wọ́n kọ ẹnu sí mi, nítorí ọ̀sán gangan ni mo búra, tanátaná ni mo mú wá. Àwọn èèyàn lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwẹ̀ró nìkan ló rìn. Ó wá dúró níwájú mi, apá rẹ̀ tó wà nínú aṣọ kan àyà mi.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, kúrò níbẹ̀."

Ó ní, "Ibo ni kí n lọ? Ibí ni mo ń gbé."

Ìbúra tí a bá fi irin ṣe, orí irin kan náà, níwájú àwọn èèyàn kan náà, láìdé fìlà, la ti ń tú u. Fìlà kò sí lórí mi mọ́. Mo wólẹ̀, mo gba abẹ́ apá ìyàwó mi kọjá bí ọmọdé, mo fi ahọ́n kan owú Ògúnkòyà. Ó tutù. Mo ní, "Mo parọ́. Mi ò rí iná kankan rí. Èyí tí mo mú wá ò ju báyìí lọ, mi ò sì lè mú un ju báyìí lọ. Mi ò lè."

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá rí, ó sì dùn mí bí ẹni tó ń rọbí. Irin wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlú gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n rín mi títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, èmi náà sì jókòó sílẹ̀, mo ń gbádùn rẹ̀, nítorí òkú kì í gbọ́ ẹ̀rín. Abẹ́rẹ́ kan bọ́ láti aṣọ Àwẹ̀ró. A jọ wò ó. Ó yí díẹ̀, ó kọjá mi, ó sì dúró sí àríwá.

Ti Ọlọ́ṣọ̀ọ́? Ó ní kí wọ́n ra bàbà sí i, kí wọ́n fi wé ààfin po láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni tó ti sọ pé òun kò lè, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kan, ní ẹ̀rùn, oòrùn jágbe. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ààfin mọ́lẹ̀ ju ọ̀sán lọ, wọ́n rí ọba kedere ní gbogbo ìlú méje tó yí wọn ká, ó sì pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń sín. Láti ọjọ́ náà, ààfin kò ní òrùlé, ọba kò sì ní irun ojú. Èmi àti Àwẹ̀ró ti wá síbí nígbà náà, kò sì jẹ́ kí n gbé irin kankan dání. Òrùka igi náà wà lókè àjà wa, pẹ̀lú iná rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ Àwẹ̀ró bá bọ́, ó máa ń fi wá a.

Ó jọ pé òjò ti ń dá. Mo rí i pé ẹ ti ń wá bàtà yín. Ẹ mú sùúrù díẹ̀. Mo ní kí ẹ wo ọkọ́ méje yẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì wò wọ́n. Ògiri ẹ̀yìn ni wọ́n kọ ẹnu sí. Kò sí ẹni tó dé ibi ẹní yẹn láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ tún wò wọ́n báyìí.

Akínjọbí, má dìde. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú rẹ. Ìyàwó rẹ ń bọ̀ láti wá ọ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, mo rí i, ó fi ewé bo orí. Kí ó tó wọlé, ṣí fìlà rẹ, kí o sì tún fi ahọ́n kan ẹnu ìbọn yẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn náà ni. Kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, bí wọ́n bá sì rẹ́rìn-ín, á dùn mọ́ ọ.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀. "Mi ò lè pa erin."

Lórí ẹní, ọkọ́ kan dún, ó sì yí ẹnu kúrò lára rẹ̀.